Kéèkì Ọdún Nínú Ilé Tí Ọmọ Ti Ń Ṣàìsàn

Fún kíkà: Sámúẹ́lì Kejì 12:15-23, Àwọn Ọba Kìíní 14:1-18, Àwọn Ọba Kìíní 17:8-24, Máàkù 5:35-43.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ olóòtú ìwé ìrántí yìí ní kí a kọ ẹ̀kọ́ kan fún àwọn òbí àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni kí a kọ nípa ìwà ọmọlúwàbí, tàbí nípa àwọn olùkọ́ wa tí wọ́n ti sùn nínú Olúwa. Àwọn ẹlòmíràn yóò kọ ìyẹn, wọn yóò sì kọ ọ́ dáadáa jù wá lọ. Ọ̀rọ̀ tí ó wà lọ́kàn wa kéré lójú, ṣùgbọ́n ó ti ń bá wa gbé láti ọdún 1990. Ìbéèrè kan ni: bí Kérésìmesì bá dé, tí ọmọ sì wà lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn tí a kò mọ ibi tí yóò já sí, ṣé kí ilé náà yan kéèkì, kí wọ́n dín ṣín-ṣín, kí wọ́n gbé abọ́ ọdún fún àdúgbò gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, àbí kí wọ́n pa iná, kí wọ́n sì gba ààwẹ̀?

Ẹni tí kò tíì rí irú rẹ̀ lè rò pé ìbéèrè ọmọdé ni. Ẹni tí ó bá ti jókòó ti ibùsùn ọmọ rẹ̀ nínú ọyẹ́ oṣù Kejìlá yóò mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí bí ọdún ti máa ń rí ní ìgboro Ìbàdàn àtijọ́. Àwa tí a dàgbà láàárín Ọjà'ba àti Bẹẹrẹ, tí a ń gbé ojú sókè láràárọ̀ wo Gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929, a mọ̀ pé ìlú jagunjagun ni a bí wa sí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ ti wọ Ìbàdàn ní ọdún 1853, tí wọ́n sì tẹ̀dó sí Kúdẹtì, ni Kérésìmesì ti ní ilé tirẹ̀ nínú ìlú náà. Anna kò bímọ, síbẹ̀ ọmọ kún inú ilé rẹ̀. A máa ń rántí ìyẹn nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìwé tí wọ́n kọ́ wa. Ó yẹ kí a máa rántí rẹ̀ pẹ̀lú nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa bí a ti ń tọ́jú ọmọ.

Bẹyẹrúnkà ni ilé tiwa wà. Nínú àwọn agboolé tí ó yí wa ká, Mùsùlùmí ni ó pọ̀ jù. Bí Iléyá bá dé, abọ́ ẹran a wọ ilé wa láti ojúlé mẹ́fà tàbí méje. Bí Kérésìmesì bá dé, abọ́ tiwa a jáde, pẹ̀lú ìrẹsì, adìyẹ, ṣín-ṣín, àti ègé kéèkì kan lórí rẹ̀ bí adé. Àwọn ọmọdé ni ó ń gbé abọ́ wọ̀nyí kiri, abọ́ kì í sì í padà wálé lófìfo. Búrẹ́dì kì í ṣe nǹkan bàbàrà mọ́ nígbà náà. Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tí ó wá sí Nàìjíríà ní ọdún 1913 láti ṣiṣẹ́ Rélùwéè, ti dá ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì sílẹ̀ ní Èkó láti ọdún 1921, búrẹ́dì sì ti di oúnjẹ tolówó tòtòṣì. Kéèkì ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbéyàwó àti Kérésìmesì nìkan ni a fi ń rí i.

Màmá wa kò ní ófùnù, kò sì wá a. Ìkòkò irin ńlá kan ni ó ní, èyí tí ó nípọn tí ó sì ní ìdérí. A ó bu yanrìn odò, a ó fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, a ó sá a gbẹ. Yanrìn yìí ni ó ń tẹ́ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta, kí ó tó gbé e ka orí àdògán. Bí yanrìn bá ti gbóná, àwọn agolo mílíìkì tí a ti gé ẹnu wọn, tí a sì ti fi bọ́tà pa inú wọn, ni a ó bu kéèkì sí, tí a ó tò sórí rẹ̀. A ó dé ìkòkò náà, a ó sì kó ẹyin iná sórí ìdérí, kí ooru lè máa ti òkè wá bí ó ti ń ti ìsàlẹ̀ wá. Yanrìn kì í jẹ́ kí iná jó ibì kan kí ó fi ibì kan sílẹ̀. Ó ń gba ooru díẹ̀díẹ̀, ó sì ń dì í mú pẹ́. Ìdajì pọ́ùn ìyẹ̀fun, ìdajì pọ́ùn bọ́tà, ìdajì pọ́ùn ṣúgà, ẹyin mẹ́rin, bẹ́kìn-páúdà díẹ̀, àti nọ́tímẹ́ẹ̀gì tí a rin. Iṣẹ́ tí ó le jù níbẹ̀ ni pípo bọ́tà àti ṣúgà pọ̀ títí yóò fi funfun. Bí apá bá ro ẹnì kan, ẹlòmíràn a gba ọmọrogùn lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè dá kéèkì ọdún ṣe nínú ilé wa. Gbogbo wa ni ó máa ń ní apá tí ń ro ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kejìlá. Ẹyọ ìgbálẹ̀ tí ó mọ́ ni màmá wa fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá gún kéèkì tí kò sí nǹkan tí ó lẹ̀ mọ́ ọn, ó ti jiná.

Ọmọbìnrin wa kejì ni a bí ní ọdún 1985. Nígbà tí ó pé oṣù mẹ́wàá, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé SS ni. Àwa àti ìyàwó wa, AS ni àwa méjèèjì, a kò sì mọ̀. Lọ́dún tí a ṣe ìgbéyàwó, kò sí ẹni tí ó béèrè irú ẹ̀jẹ̀ tí a ní. Àwa tí a jókòó kọ́ èdè Gíríìkì ní ilé-ẹ̀kọ́ àlùfáà kò sì bi ara wa.

Ó yẹ kí a sọ díẹ̀ nípa àrùn náà, nítorí àwọn òbí tí wọn yóò ka ìwé yìí. Òun ni àwọn ènìyàn wa ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Dókítà Herrick ti ìlú Chicago ni ó kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìṣègùn ní ọdún 1910, lẹ́yìn tí wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ tí ó tẹ̀ bí dòjé lára akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó wá láti erékùṣù Grenada. Àrùn náà ti wà láàárín wa tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó kọ ọ́ síbẹ̀. A gbàgbọ́ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí àwọn baba ńlá wa pè ní àbíkú, tí wọ́n fi abẹ kọ lára, àrùn yìí ni ó pa wọ́n. Ó tó ẹnì kan nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin tí ó ní AS. Bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan ni ó ti ṣeé ṣe, ní ọ̀nà kan nínú mẹ́rin, kí ọmọ jẹ́ SS. A ní oyún kọ̀ọ̀kan, nítorí a ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé bí ọmọ kan bá ti jẹ́ SS, mẹ́ta yòókù ti bọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òtútù, ibà, àìmu omi tó, àti àárẹ̀ a máa fa ìrora náà wá. Èyí ni ó mú kí oṣù Kejìlá, tí ó jẹ́ oṣù ayọ̀ fún àwọn ọmọ yòókù, jẹ́ oṣù ìbẹ̀rù fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, nítorí ọyẹ́.

Ní òru Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kejìlá ọdún 1990, ìrora náà dé, kò sì dúró sí egungun bí ó ti máa ń ṣe. Ó wọ àyà. Ọmọ ọdún márùn-ún náà kò lè mí kanlẹ̀. A gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n fún un ní afẹ́fẹ́, wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Dókítà kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún wa: ó ní kí a máa gbàdúrà, pé àwọn náà ń ṣe tiwọn.

Kúréètì ni wá nígbà náà, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, iná ilé-ẹ̀kọ́ àlùfáà ṣì ń jó lára wa. A pe gbogbo ilé jọ, a sì sọ pé kò sí ọdún nínú ilé yìí lọ́dún yìí. Kò sí kéèkì, kò sí ṣín-ṣín, kò sí abọ́ tí yóò jáde. Ààwẹ̀ ni gbogbo wa yóò gbà, títí kan ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, tí a ní kí ó máa dúró di ọ̀sán kí ó tó jẹun. Ọ̀rọ̀ Dáfídì ni a gbé lé lórí. Ṣebí nígbà tí ọmọ Dáfídì ń ṣàìsàn, ó gba ààwẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ láti òru mọ́jú.

Màmá wa kò bá wa jiyàn lọ́jọ́ náà. Ó wá bá wa lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀ Sunday, ọjọ́ kẹtàlélógún, ó ní, "Ọmọ mi, mo ti ilé-ìwòsàn bọ̀. Ọmọ yẹn bi mí léèrè nǹkan." A ní kí ni. Ó ní ọmọ náà béèrè pé ṣé òótọ́ ni ohun tí ẹ̀gbọ́n òun sọ, pé nítorí tòun ni wọn kò fi ní yan kéèkì. Ó sì ní kí màmá wa bá òun bẹ ẹ̀gbọ́n òun, kí ó má bínú sí òun.

Ẹ̀yin òbí, a ti wàásù nípa ẹ̀bi láti orí àga ìwàásù fún ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún, ṣùgbọ́n kò sí ìwé tí ó kọ́ wa ní ohun tí gbólóhùn yẹn kọ́ wa. Ọmọ tí kò lè mí dáadáa, tí abẹ́rẹ́ wà ní apá rẹ̀, ni ó ń wá ẹni tí yóò tọrọ àforíjì fún un. Àwa ni a gbé ẹrù náà lé e lórí. A rò pé Ọlọ́run ni a ń fi ìrora wa hàn; ọmọ wa ni ó rí i, ó sì kà á sí gbèsè.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn a tún Sámúẹ́lì Kejì orí kejìlá kà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí i, kí ẹ sì wo ẹsẹ kẹtàdínlógún. Àwọn àgbà ilé Dáfídì wá láti gbé e dìde, ó kọ̀, kò sì bá wọn jẹun. Bí kò bá bá wọn jẹun, a jẹ́ pé àwọn ń jẹun. Ọba gba ààwẹ̀ tirẹ̀. Kò pàṣẹ rẹ̀ fún ilé. Ẹ wá lọ sí ogún ẹsẹ. Ọmọ ti kú, Dáfídì dìde, ó wẹ̀, ó lọ sí ilé Olúwa, ó padà wá sí ilé, ó béèrè oúnjẹ, wọ́n sì gbé e ka iwájú rẹ̀. A ti ka orí yìí lọ́pọ̀ ìgbà láìbéèrè ibi tí oúnjẹ náà ti wá. A kò lè gbé oúnjẹ ka iwájú ẹni tí kò bá sí ẹni tí ó dáná. Ní gbogbo ọjọ́ méje tí ọba fi wà nílẹ̀, ẹnì kan nínú ilé náà ń po ìyẹ̀fun, ó ń yan àkàrà. A kò mọ orúkọ onítọ̀hún. Òun ni ó jẹ́ kí ilé wà níbẹ̀ fún Dáfídì láti padà sí.

Nítorí náà a ní kí wọ́n dáná. Ìyàwó wa, tí ó ti sun ilé-ìwòsàn fún òru mẹ́fà, kò sọ ju pé, "Ẹ ṣeun, sà." A kò tíì gbàgbé bí ó ti sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n kò sí ìyẹ̀fun. Àwọn tí ó ti dàgbà nígbà náà yóò rántí pé láti ọdún 1987 títí di ọdún 1992 ni ìjọba àpapọ̀ fi òfin de kíkó àlìkámà wọ orílẹ̀-èdè yìí. Ìyẹ̀fun wọ́n gógó. Àwọn oníbúrẹ́dì ń po ìyẹ̀fun àgbàdo àti ti ẹ̀gẹ́ mọ́ ọn. Ẹni tí kò bá ti tọ́jú tirẹ̀ láti oṣù Kọkànlá kò lè sáré rà á ní ọ̀la Kérésìmesì, àwa sì ti fi òfin tiwa mú kí ẹnikẹ́ni má tọ́jú nǹkan kan. Àlàájà kan ní ojúlé kejì sí wa ni ó ń dín pọ́fù-pọ́fù ní ẹ̀bá ọ̀nà Ọjà'ba. Kò sí ẹni tí ó lọ bá a. Òun ni ó rán ọmọ rẹ̀ wá ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè pẹ̀lú kóńgò ìyẹ̀fun kan, kúnkún, tí a fi aṣọ bò. Ó ní kí wọ́n sọ fún Bàbá Àlùfáà pé òun kò rí ẹnikẹ́ni kí ó po kéèkì ní ilé wa láti ìjẹta, òun sì mọ ìdí rẹ̀. Pé kí a fi èyí ṣe tọmọ. Ohun tí ó yẹ kí ó fi ta ọjà ọjọ́ méjì ni.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Àwọn Ọba Kìíní orí kẹtàdínlógún yóò ti rí ibi tí a ń lọ. Opó Sáréfátì náà kì í ṣe ọmọ Ísírẹ́lì, ìyẹ̀fun tirẹ̀ náà kò sì ju ìkúnwọ́ kan lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ìwàásù tí a ti gbọ́ lórí rẹ̀, ẹsẹ kẹrìndínlógún ni oníwàásù máa ń dúró sí, níbi tí ìyẹ̀fun kò ti tán tí òróró kò sì gbẹ. Wọ́n a ní kí ìjọ dìde kí wọ́n sì mú ọrẹ wá. Ó dára. Ṣùgbọ́n ìtàn kò dúró níbẹ̀. Ẹsẹ tí ó tẹ̀ lé e ni ó sọ pé ọmọ obìnrin náà ṣàìsàn títí èémí fi tán nínú rẹ̀. Inú ilé kan náà ni, lẹ́bàá ìkòkò ìyẹ̀fun kan náà tí kò tán. Ilé tí ó ti yan àkàrà fún ènìyàn Ọlọ́run ni àìsàn wọ̀. Kò sí ibi tí Bíbélì ti sọ pé oúnjẹ tí a fi ṣàánú yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ àìsàn. Ẹ sì tún wo ohun tí obìnrin náà kọ́kọ́ sọ: ó bi wòlíì bóyá ó wá láti mú ẹ̀ṣẹ̀ òun wá sí ìrántí. Gbogbo òbí ọmọ SS tí a ti bá jókòó ni ó ti béèrè ìbéèrè yẹn, lọ́nà kan tàbí òmíràn. Èlíjà kò dá a lóhùn, kò bá a jiyàn, kò sì wàásù fún un. Ó ní kí ó gbé ọmọ fún òun. Ó gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e gòkè, ó sì lọ fi ìbínú rẹ̀ hàn níwájú Ọlọ́run níbi tí ìyá kò ti sí. A gba àwọn àlùfáà ọ̀dọ́ ní ìmọ̀ràn kí wọ́n ṣe àṣàrò lórí ìyẹn.

Irú yíyan mìíràn wà tí a kò gbọ́dọ̀ gbójú fò. Ní orí kẹrìnlá ìwé kan náà, Ábíjà ọmọ Jéróbóámù ń ṣàìsàn. Ọba ní kí ìyá ọmọ náà mú ìṣù àkàrà mẹ́wàá, àkàrà wẹ́wẹ́ àti ìgò oyin, kí ó sì lọ sọ́dọ̀ Áhíjà wòlíì ní Ṣílò. Kò sí ohun tí ó burú nínú àkàrà náà. Àwọn ènìyàn ìgbà yẹn kì í lọ bá wòlíì lọ́wọ́ òfìfo. Ohun tí ó burú ni pé ó ní kí ó pa ara dà, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ pé ìyàwó ọba ni. Ọba kò fẹ́ kí ìlú mọ̀ pé àìsàn wà nínú ilé òun. Ojú wòlíì ti fọ́ nítorí ogbó, síbẹ̀ òun ni ó dá a mọ̀ kí ó tó wọlé. Ìyá náà padà sí ilé, ọmọ sì kú bí ó ti tẹ ìloro.

A ti rí kéèkì Jéróbóámù nínú àwọn ìjọ wa. Ilé tí wọ́n ti ń ṣe àsè lọ́tùn-ún lósì kí àwọn ènìyàn má bàa mọ̀ pé ọmọ wọn wà ní ilé-ìwòsàn, kí wọ́n má bàa sọ pé ẹ̀jẹ̀ burúkú wà nínú ìdílé wọn, kí àwọn ọmọbìnrin yòókù lè rí ọkọ fẹ́. Ọmọ náà á wà nínú yàrá, wọn á ti ilẹ̀kùn, àlejò á máa jẹun ní pálọ̀. Bí ìyẹn bá ni ìdí tí a fi ń yan kéèkì, ó sàn kí a má yan án. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín rẹ̀ àti ti ilé wa lọ́dún 1990 ni pé gbogbo Bẹyẹrúnkà ni ó mọ̀ pé ọmọ wa ń ṣàìsàn, kò sì sí abọ́ tí ó jáde nínú ilé wa tí a kò fi ìròyìn rẹ̀ tẹ̀ lé. Lónìí, ọ̀pọ̀ ìjọ ni ó ń béèrè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó so àwọn méjì pọ̀. A dúpẹ́ fún èyí. Ṣùgbọ́n ìwé àyẹ̀wò tí a ń gbà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ìgbéyàwó, lẹ́yìn tí a ti dá aṣọ ẹbí, ó ti pẹ́ jù. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó kúrò nílé-ìwé yìí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹrìnlélógún, dókítà yọ̀ǹda ọmọ náà fún wa. Ó ti ń mí dáadáa, ibà ti lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí a má jẹ́ kí òtútù mú un, kí ó sì máa mu omi lọ́pọ̀lọpọ̀. A fi súwẹ́tà méjì wọ̀ ọ́. Màmá wa ti ro ohun tí àwa kò rò: ó ti gbé àdògán kúrò nínú ilé ìdáná, ó gbé e sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí afẹ́fẹ́ yóò ti gbé èéfín lọ, ó sì fi èédú dípò igi, nítorí àyà ọmọ náà. Ó gbé àpótí ìjókòó kan sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ooru ti ń wá, ní apá tí èéfín kò gbà. Ó fi ìkòkò tí ó kẹ́yìn dúró dè é. Ọmọ náà kò lè di ọmọrogùn mú, ṣùgbọ́n ó lè fi ìka pa bọ́tà sínú agolo. Agolo mẹ́sàn-án ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbé wọn fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń ka iye rẹ̀ sókè. Nígbà tí ó kan yíyẹ̀ wò, màmá wa fi ẹyọ ìgbálẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ó gún un, ó wò ó, ó ní, "Ó ti jiná, Màmá." Kò tíì jiná. Màmá wa ní òun gbà, ó sì dé e padà díẹ̀ kí àwọn tó sọ ọ́ kalẹ̀. Abọ́ àkọ́kọ́ tí ó jáde, ọ̀dọ̀ Àlàájà ni ó lọ.

Ọmọ náà kò jẹ ju ìbùjẹ méjì lọ. Ó sùn lórí ìjókòó rẹ̀, èyí tí kò jẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí a bá dúró síbí, a ti ṣe bí àwọn oníwàásù tí ó ń dúró sí ẹsẹ kẹrìndínlógún. Ó lo ọdún méjìlá mìíràn pẹ̀lú wa. Ó kàwé, ó kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, ó mọ kéèkì ìkòkò yan ju ìyá rẹ̀ lọ. Ní oṣù Keje ọdún 2002, nínú òjò, ìrora náà tún wọ àyà. Ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. A ké pe Ọlọ́run bí Èlíjà ti ké pè é, ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ, a kò sì gba ìdáhùn tí Èlíjà gbà. A ti wàásù lórí ọmọbìnrin Jáírù láti ìgbà náà, ó sì máa ń nira fún wa títí a ó fi dé ẹsẹ tí ó kẹ́yìn, níbi tí Olúwa ti ní kí wọ́n fún ọmọ náà ní oúnjẹ jẹ. Ó ti ṣe iṣẹ́ ìyanu tán; gbogbo ilé ń ṣe kàyéfì; Òun nìkan ni ó rántí pé ebi yóò máa pa ọmọdé náà. A kò mọ ìdí tí a fi fún Jáírù ní ọmọ tirẹ̀ padà tí a kò sì fún wa. A mọ Ẹni tí ó rántí oúnjẹ.

Nígbà tí Kérésìmesì ọdún náà dé, a kò pàṣẹ kankan. A ti kọ́gbọ́n. Màmá wa ti lọ sọ́dọ̀ Olúwa ní ọdún mẹ́rin ṣáájú, ṣùgbọ́n ìkòkò irin rẹ̀ wà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrìnlélógún, a gbọ́ ìró yanrìn nínú ìkòkò láti yàrá ìkàwé wa. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ó ti di ọmọ ogún ọdún, ti ti yunifásítì dé, ó ti fọ̀ yanrìn láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyàwó wa jókòó tì í, ó ń po bọ́tà. Àbúrò wọn tí ó kéré jù ni ó ń pa bọ́tà sí inú agolo, tí ó ń kà á. A jáde lọ síbẹ̀. Ó ti ka mẹ́jọ, ó sì dúró, ó ń wo ojú wa, agolo kẹsàn-án wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó wa ní, "Pa á." Ó pa á. Lẹ́yìn náà ni apá ro ìyàwó wa, àwa sì gba ọmọrogùn lọ́wọ́ rẹ̀.